Nígbà Tí A Máa Ń Lọ Wo Àgbàdo Kó Tó Gbó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ògì nínú ọ̀rá lónìí, tí ẹ kàn ń da á sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ṣé ẹ ti ronú rí nípa ibi tí àgbàdo inú rẹ̀ ti wá? Ẹ ò ronú nípa rẹ̀, n kò sì bá yín wí. Nígbà tiwa, a mọ oko tó ti wá. A mọ orúkọ ìyàwó ẹni tó gbìn ín. Àwa kan wà ní Ajégúnlẹ̀ yìí tí a ti máa ń fojú rí àgbàdo náà nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irun, tí a ó sì ti sọ bóyá yóò pọ̀ tàbí kò ní í pọ̀ kí àdá tó kàn án. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ọ́. Bí ẹ bá rí i tí mo ń dìde tí mo tún ń jókòó, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti fà mí fún ọkọ. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, a máa bá wọn já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní wọ́ọ̀fù Apápá. Yàrá kan la gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánáàlì ní Ajégúnlẹ̀. Ìjọ̀ wà nínú ilé náà, Ùròbò wà níbẹ̀, Ígbò wà níbẹ̀, àwa Yorùbá náà wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí èmi ọmọ Ìsẹ́yìn fi ń kí ènìyàn ní “How far” bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa àdúgbò náà ni ariwo rẹ̀. Kí a tó kí ìrun àsùbáà tán, ẹnjìnnì ìlọta tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà á ti bẹ̀rẹ̀, pàkà-pàkà-pàkà. Ọkọ̀ ojú omi á fun fèrè ní èbúté Tíń Káàn. Láàárín ariwo méjèèjì, wàá máa gbọ́ omi tó ń kán láti inú àpò ògì tí a so rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé: tó, tó, tó. Etí lásán ni mo fi ń mọ àpò tó ti gbẹ tó kí a tú u.

Ìyá Rúkà ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ògì. Ará Ìsẹ́yìn bíi tèmi ni, ó ti wà lÉkòó tipẹ́ kí n tó dé, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwa ológì. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá sọ ohun tí kò dá a lójú, á kàn máa wò ọ́ títí wàá fi tún un sọ fúnra rẹ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Rukayat, tí gbogbo wa ń pè ní Rúkà, tó máa ń ka ìwé rẹ̀ lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò wa.

Àwọn tó ń já ẹrù ní wọ́ọ̀fù ló kọ́kọ́ ń mu ògì wa láàárọ̀, gbígbóná, pẹ̀lú àkàrà. Ẹ̀kọ tí a bá pọ́n sínú ewé, a máa gbé e wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sọdá sí Snake Island, nítorí àwọn apẹja àti àwọn tó ń jó irin ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ kò fi ẹ̀kọ ṣeré rárá. Mo rántí ọjọ́ kan tí ìgbì ọkọ̀ ńlá kan ta lu ọkọ̀ wa, tí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ sì dojú dé sínú omi. Ẹ̀kọ inú ewé kì í tètè rì. Ó ń léfòó lọ ní tirẹ̀, àwọn apẹja ń fi àwọ̀n kó o, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sanwó ohun tí wọ́n rí kó. Ẹ̀kọ ti dé etídò kí àwa tó ń tà á tó dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn géńdé yẹn ni ọ̀rọ̀ ògì le lórí jù. Àwọn ọmọ ọwọ́ ni. Ìyá tó bá fẹ́ gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ògì ni. Ọmọ tí ibà ń ṣe, tí kò gba nǹkan mìíràn sẹ́nu, ògì ni. Arúgbó tí eyín rẹ̀ ti tán, ògì ni. Bí àgbàdo bá wọ́n, kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ mọ̀ bí kò ṣe ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa kò fi gbà kí ọ̀wọ́n àgbàdo máa bá wa lójijì. Lọ́dọọdún, bí àgbàdo bá ti tú ìrùkẹ̀rẹ̀ lókè Ògùn, a máa ń yan obìnrin méjì láàárín wa kí wọ́n lọ wò ó. “Lílọ wo àgbàdo” la ń pè é, kò ní orúkọ mìíràn. Ohun tí wọ́n bá rí ni a ó fi mọ̀ bóyá kí a ti máa ra ti èṣín pamọ́, tàbí kí a fara balẹ̀ dúró de tuntun, tàbí kí a lọ wá ọkà bàbà kún un.

Ẹ ò lè mọ bí àwọn tí wọ́n bá yàn ṣe máa ń yọ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ènìyàn joyè. Aṣọ tó dára la máa ń wọ̀, nítorí wọn kì í ka ẹni tó rí jákujàku sí lóko. Kókónọ́ọ̀tì la ti ń wọkọ̀. Ibùdókọ̀ tírélà ni títí di òní, àmọ́ nígbà náà kì í ṣe kọ̀ǹtẹ́nà nìkan ni wọ́n ń gbé. Lọ́rì oúnjẹ máa ń dé síbẹ̀ láti gbogbo ọ̀nà, wọn á já àgbàdo, wọn á já ẹ̀wà, mẹkáníìkì á wà lábẹ́ ọkọ̀ tí hóró àgbàdo á máa dà lé e lórí. Bàbá Ufuoma ló máa ń gbé wa. Ọmọ Ùròbò ni, ó ń kó ajílẹ̀ láti Apápá lọ sókè, ó ń kó àgbàdo bọ̀. Yorùbá àti Písìn ló ń pò mọ́ ara wọn bí ẹni po ògì, ó sì ń kọrin ìjọ rẹ̀ láti Kókónọ́ọ̀tì títí dé Abẹ́òkúta. Bí àwa Mùsùlùmí bá sọ̀kalẹ̀ kírun, á dúró dè wá, á fi omi inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ fún wa ṣe àlùwàlá.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń wò ó. A kì í dúró sí ẹ̀bá oko ká máa na ìka. A ó wọ inú poro lọ. A ó tẹ́tí sí ewé, nítorí ewé tó ní omi lára, ohùn rẹ̀ wúwo nínú atẹ́gùn, èyí tó ń gbẹ a máa dún ṣárá-ṣárá. A ó bó háríhá àgbàdo kan lókè, ọ̀kan ní àárín oko, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí omi ń gbà, a ó fi èékánná tẹ hóró rẹ̀ wò bóyá wàrà rẹ̀ yọ. A kì í béèrè lọ́wọ́ ọkọ nìkan. Àgbẹ̀ tó bá rí oníbàárà, á ní kò pọ̀, kí owó lè gorí i. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ la ń lọ nídìí ààrò, torí òun ló mọ iye ẹnu tó ní láti fún lóúnjẹ, kì í purọ́. Àṣìṣe máa ń wáyé o. Ọdún kan, ewúrẹ́ jẹ gbogbo àgbàdo tí a kó bọ̀ láti fi han ẹgbẹ́ nígbà tí a sùn lọ nínú ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kùkù lásán la gbé dé Kókónọ́ọ̀tì. Wọ́n ní a ti jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ tí àwọn méjì bá padà dé náà ni àjọ̀dún tiwa. Gbogbo ológì á ti péjọ sí Kókónọ́ọ̀tì, iná á ti wà nílẹ̀. Àpò àgbàdo tútù kan máa ń tẹ̀lé wọn bọ̀, a ó sun ún, a ó sè é, a ó fún awakọ̀, a ó fún mẹkáníìkì, a ó fún ọlọ́pàá tó bá dúró níbẹ̀. Òórùn àgbàdo sísun á bo òórùn epo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á jókòó jíṣẹ́. Gbogbo ẹnu á dákẹ́, yàtọ̀ sí eyín tó ń já hóró.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, èmi àti Ìyá Rúkà ni wọ́n yàn. Òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Bí a ti kúrò ní Ìsẹ́yìn tí a kọjú sí Òkèhò, àgbàdo ló wà lọ́tùn-ún, àgbàdo ló wà lósì, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ga ju ènìyàn lọ. Mo ń pàtẹ́wọ́ nínú ọkọ̀. Bàbá Ufuoma dín eré kù kí a lè wò ó dáadáa, ó ní lọ́dún yìí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá máa yó. A sọ̀kalẹ̀ sí oko bíi mélòó kan lẹ́bàá títì, gbogbo èyí tí a bó ló kún dẹ́nu. Ní tèmi, iṣẹ́ ti parí.

Abúlé kan wà lẹ́yìn Òkèhò, ó wọ inú díẹ̀, níbi tí a máa ń dé sí lọ́dọọdún. Obìnrin kan níbẹ̀, Àbẹ̀ní, ìyàwó àgbẹ̀, ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa. Bí a bá ti ń yọ lókèèrè ló ti máa ń ju àgbàdo tútù síná. Lọ́jọ́ náà, ó kí wa tayọ̀tayọ̀, ó bu omi fún wa, ó sì gbé àwo kan wá. Àgbàdo gbígbẹ tó fi ẹ̀pà sè ló wà nínú rẹ̀. Mo ti ń bù ú jẹ. Ìyá Rúkà kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wo àwo náà, ó wo Àbẹ̀ní, ó tún wo àwo.

Ó ní, “Àbẹ̀ní, ti èṣín nìyí.”

Àbẹ̀ní ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa jẹ ẹ́ ná.

“Tuntun dà?”

Àbẹ̀ní jókòó sórí àpótí, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Ojú tì í pé àlejò dé, kò sì ní àgbàdo tútù kan tó máa sun fún wọn. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní kí a máa bọ̀.

A sọdá odò kan tó wà lẹ́yìn abúlé. Òdì kejì odò yẹn ni oko wọn wà, àti oko ọ̀pọ̀ ènìyàn abúlé náà. Láti òkèèrè, ó ṣì tutù. Bí a ti ń sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ewé rẹ̀ ti dà bí asẹ́, ihò ni gbogbo rẹ̀. Nínú ọkàn àgbàdo, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, nǹkan kan wà níbẹ̀ bí ìyẹ̀fun igi tí káfíńtà ń gé sílẹ̀. Àbẹ̀ní ṣẹ́ ọ̀kan, ó bó o. Kòkòrò kan tó sanra bí ìka ọmọdé ló ká ara rẹ̀ jọ níbi tó yẹ kí hóró wà. Ó bó òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ní ṣé wọn kò fín in ni? Ó ní àwọn tó ń pín oògùn kòkòrò wá lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ wọn kò lè sọdá odò. Àwọn tí oko wọn wà lẹ́bàá títì ló rí i gbà.

Èmi ti fẹ́ sunkún. Ìyá Rúkà ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń lọ. Ó ní a kò lè fi oko Àbẹ̀ní nìkan jíṣẹ́. A wọ oko dé oko lẹ́yìn odò yẹn, títí bàtà mi fi já, a sì bá kòkòrò náà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, Ìyá Rúkà sì ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú àgbàdo wọn sínú àpò. Ní ojú títì, Bàbá Ufuoma ti ń fun fèrè, ó ń fun ún léraléra. Nígbà tí a jáde sí i, ó ní, “Ìyá, abeg, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú.” Ìyá Rúkà kàn ṣí àpò rẹ̀ fún un. Ó wo inú rẹ̀. Kò kọrin títí a fi délé.

Ní Kókónọ́ọ̀tì, àríyá ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé. Àwọn awakọ̀ mìíràn tó gba ọ̀nà yẹn kọjá ti ròyìn pé àgbàdo pọ̀ bí iyanrìn. Obìnrin kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Sìsí Bọ́lá, ọlọ́yàyà ènìyàn, ẹnu rẹ̀ dùn, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ra àgbàdo èṣín kankan mọ́, kí a dúró de tuntun tó máa pọ̀ nílẹ̀. Ìyá Rúkà tú àpò, ó to àgbàdo inú rẹ̀ sórí páànù, ó ní kí wọ́n bó o fúnra wọn.

Wọ́n bó o, ariwo sì sọ. Sìsí Bọ́lá kò gbà. Ó ní ó lè jẹ́ oko ọ̀lẹ kan ni a yà sí. “Ìyá wa, ẹ má bínú o. Gbogbo ẹni tó ti ọ̀nà yẹn wá ló rí àgbàdo tó tutù. Ṣé ojú gbogbo wọn ló fọ́ ni?”

Ìyá Rúkà ní, “Ojú wọn kò fọ́. Títì ni wọ́n ń wò.”

Wọ́n jiyàn títí. Èmi dìde, mo fi ẹsẹ̀ mi tó ti bó hàn wọ́n, mo ka oko tí a wọ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ni ín àti ohun tí a bá níbẹ̀. Níkẹyìn, ẹgbẹ́ náà gbà. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbàdo èṣín níbi gbogbo tí a ti lè rí i, a sì bá àwọn lọ́rì tó ń bọ̀ láti òkè Ọya sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa gbé ọkà bàbà bọ̀. Àwọn oníbàárà kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ará wọ́ọ̀fù ní kí ló dé tí ògì wa ń pọ́n bí ẹ̀rọ̀fọ̀ Òkè Ògùn, ọkọ mi alára ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A ń rẹ́rìn-ín, a ń pò ó.

Nígbà tó yẹ kí àgbàdo tuntun pọ̀ nílẹ̀, ti ẹ̀bá títì dé, ó tán. A retí ti inú, kò dé. Ẹ̀yin tó gbọ́njú nígbà náà á rántí bí àgbàdo ṣe wọ́n. Ní àwọn àdúgbò mìíràn, àwọn ológì pa ìkòkò wọn dé. Obìnrin kan tó bí ìbejì rìn wá láti Kirikírì, ó pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan mọ́yà, ó ní ibi méjì ni òun ti dé tí òun kò rí ògì. Àwọn ọmọ náà ti ń gbẹ. Mo po ògì bàbà fún un, mo fi wàrà sí i, a jókòó, a ń fi ṣíbí fún wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi di ìka mi mú, kò fẹ́ fi ṣíbí náà sílẹ̀. Sìsí Bọ́lá wà níbẹ̀. Ó wo ọmọ náà títí, ó dìde, ó lọ bá Ìyá Rúkà nídìí iná, ó kúnlẹ̀, ó sì gba omorogùn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ló máa ń kọ́kọ́ béèrè bí a bá ti dé láti oko pé, “Ẹ̀yìn odò ńkọ́?”

Báwo wá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe pa rẹ́? Kò sí ọjọ́ kan pàtó tó kú. Kọ̀ǹtẹ́nà gba Kókónọ́ọ̀tì, lọ́rì oúnjẹ wá ibòmíràn gbà. Ọ̀nà di ohun tí obìnrin kò fẹ́ gbà mọ́, nítorí ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé. Bàbá Ufuoma fẹ̀yìn tì, ó padà sí ìlú wọn. Ògì wọ inú ọ̀rá. Ìyá Rúkà náà ti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀, wọ́n sin ín sí Ìsẹ́yìn, a sì sunkún rẹ̀ dénú. Mo rò pé a ti sin lílọ wo àgbàdo mọ́ ọn.

Àfi ìgbà tí Rúkà wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti di ìyá ọmọ, ó ti kàwé gan-an, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan. Mo bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, iṣẹ́ tí ẹ̀yin àti màmá mi ṣe ni mò ń ṣe. Mo ń wo àgbàdo.” Ó mú fóònù ńlá kan jáde. Ó ní sátẹ́láìtì kan ń yí ayé po lókè, ó ń ya àwòrán gbogbo oko, á tún padà yà á láìpẹ́. Ibi tí ohun ọ̀gbìn bá ti ń ṣe dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ibi tó bá ń kú lọ, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá. Wọn á fi wé ti àwọn ọdún tó ti kọjá, wọn á fi òjò tó rọ̀ kún un, wọn á wá sọ bí ìkórè ṣe máa rí, kí oúnjẹ tó wọ́n, kí àwọn tó yẹ kó mọ̀ lè tètè múra.

Mo ní kó mú mi lọ sí abúlé Àbẹ̀ní. Ó fi ìka méjì na àwòrán orí fóònù náà fẹ̀. Mo rí títì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Mo rí òrùlé páànù tó ń kọ mànà. Mo rí odò. Mo rí òdì kejì odò, gbogbo rẹ̀ pátá, oko lẹ́yìn oko, ohun tí mo fi bàtà mi rìn títí ó fi já. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ń pe orúkọ Ìyá Rúkà, Rúkà sì di mí mú, ó rò pé nǹkan ṣe mí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ayọ̀ ni.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àwòrán nìkan kò tó. Ó lè fi hàn pé oko kan ń ṣá, àmọ́ kò lè sọ bóyá kòkòrò ni tàbí ọ̀dá. Nítorí náà wọ́n ní àwọn ènìyàn lábúlé tí wọ́n ń pè lórí fóònù kí wọ́n lọ wo oko. Mo ní ṣé Àbẹ̀ní wà níbẹ̀? Ó ní Àbẹ̀ní gan-an ló fún òun ní nọ́ńbà àwọn obìnrin yòókù. A pè é lójú ẹsẹ̀. A ti darúgbó, a ń pariwo mọ́ ara wa lórí fóònù bí ẹni tó wà ní òdì kejì odò lóòótọ́.

Ohun kan ló ń dun Rúkà. Ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ kì í kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì gùn. Ó ní òun fẹ́ kí n fi ẹnu sọ ọ́, ní Yorùbá, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ohùn mi sílẹ̀, mo kí àwọn ènìyàn, mo kí ọkọ wọn, mo kí ọmọ wọn, fóònù gbóná, n kò tíì dárúkọ àgbàdo. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Lọ́dún yìí, àwòrán fi hàn wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò pé oko ń ṣá lọ́nà Ìganná. Wọ́n pe àwọn obìnrin ibẹ̀. Ọ̀dá ni, òjò ti dá, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ti ń kú. Wọ́n tètè sọ fún àwọn àgbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì rí irúgbìn tó máa ń tètè gbó gbà, wọ́n tún gbìn nígbà tí òjò padà. Èmi ni mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin Èkó: pé ti Ìganná máa pẹ́, àmọ́ yóò dé, kí wọ́n kọ́kọ́ ra ti Ṣakí, kí ẹnikẹ́ni má torí ìbẹ̀rù kó àgbàdo pamọ́ kí ọ̀wọ́n má baà dé. Mo sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ohùn mi ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n máa bú. Mo ń pe Àbẹ̀ní lemọ́lemọ́ pé kó bá mi béèrè bí ti Ìganná ṣe ń ṣe, títí tó fi ní kí n jẹ́ kí òun sinmi.

Ti Ṣakí dé. Lẹ́yìn náà, mo lọ sí Kókónọ́ọ̀tì lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kàn fẹ́ fojú mi rí i. Tírélà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Láàárín wọn, ọmọbìnrin kan ń sun àgbàdo tútù, awakọ̀ méjì dúró tì í, ó ń fẹ́ iná. Mo wo àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo bi í níbi tí wọ́n ti kó o wá. Ó ní Ìganná ni, òwúrọ̀ yẹn ló dé. Ó ní ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ fún àwọn lórí fóònù pé yóò dé, àwọn kò sì rà á ní ọ̀wọ́n.

Mo ní kó fún mi ní méjì tó rọ̀, torí eyín mi, kó sì bá mi bó háríhá rẹ̀ dáadáa.

Ó gbé orí sókè. Ó dá abẹ̀bẹ̀ dúró, ó ń wo ẹnu mi.

“Ìyá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀rọ̀.”